Ewú Inú Eegun

Oṣù kejì ni. Yìnyín ṣì wà lórí òkè lẹ́yìn Kutaisi
nígbà tí àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé ẹ̀ka àjàrà bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo ní òtútù ni.
Ó tún bọ́. Mo ní àgbà ló dé.
Nígbà kẹta, ajá wa ló wò mí lójú
bí ẹni tó ti gbọ́ kí n tó gbọ́.

Bọ́tìnì ẹ̀wù wá di ọ̀tá àárọ̀.
Ilẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún di òwú lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Mo ń rìn, n kò gbúròó ara mi.

Ẹjọ́ ẹsẹ̀ ni mo rò, ìbàdí ni wọ́n yà.
Wọ́n tì mí sínú ihò ẹ̀rọ òòfà,
ó ń lu páànù sí mi létí,
mo dijú, mo ń ka ìlà àjàrà mi:
mo dé ìlà kẹtàdínlógún kí wọ́n tó fà mí jáde.

Èsì dé, ojú ìwé méjì.
Ìrọ̀rí àárín eegun ti gbẹ. Ọ̀kan yọ ikùn síta. Oríkèé ti ń jẹ.
Ọmọ mi Nestan jókòó ti fóònù títí àkùkọ fi kọ,
gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá níbẹ̀ ló gbé pósí tirẹ̀ dání.
Iliko, àbúrò ọkọ mi, tó máa ń tún katakata ṣe,
ka ìwé náà, ó ká a padà:
"Tó bá jẹ́ katakata ni, màá ti tà á."

Dọ́kítà Guranda kò tilẹ̀ ṣí ìwé.
Ó ní kí n rìn, kí gìgísẹ̀ máa kan ìka ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí okùn;
díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu tábìlì rẹ̀.
Ó fi òòlù rọ́bà kan orúnkún mi,
ẹsẹ̀ mi ta bí ti màlúù tí ọwọ́ àjèjì ń fún lọ́mú.
Ó ta èékánná ìka mi tó wà láàárín,
àtàǹpàkò fò sókè. Ta ló pè é?

Ìgbà náà ló tó mú ìwé.
"Èyí? Ewú ni. Bó ti ń hù lórí ló ń hù nínú eegun.
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó níbi ìgbéyàwó ló ní in, wọn ò mọ̀.
Ìwé yìí kò purọ́, ibi tí wọ́n ní kó wò ló wò.
Ṣùgbọ́n omi tó dàrú nísàlẹ̀,
òkè odò là ń lọ wò."

Wọ́n dá mi padà sínú ihò. Ọrùn ni lọ́tẹ̀ yìí.
Mo ka àjàrà mi tán, mo bọ́ sí ti aládùúgbò.

Ó fi hàn mí lójú gíláàsì:
funfun yìí, omi ni;
okùn eérú tó wà láàárín omi, tí kò ju ọmọńdinrín mi lọ,
òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ orí fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀.
Láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà, omi pòórá.
Okùn náà tẹ̀ síbẹ̀,
bí àjàrà tí wọ́n so mọ́ igi ní ìgbà èwe rẹ̀
tí ẹnikẹ́ni kò rántí tú.
Nínú rẹ̀, ààmì funfun kan, bí hóró ìrẹsì.

Mo ní kí nìyẹn. Ó ní, "Wíwú ni, tàbí àpá.
Àwòrán kò sọ èwo fún mi."
Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí gbólóhùn yẹn.

Iṣẹ́ abẹ, ó ní, kò ṣèlérí ohun tó ti lọ.
Olè ni a fẹ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà
kó má ko ìyókù.
Nestan béèrè ogójì ìbéèrè.
Ẹyọ kan ni tèmi: ṣáájú ìkórè ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?
"Kí àjàrà tó yọ ewé," ni ó wí.

Iliko wà nínú ọgbà láti àárọ̀,
ó ń tú okùn àtijọ́ kúrò lára àjàrà mi,
ó ń gé e níbi tí kò yẹ.
Mo ń pariwo mọ́ ọn láti ojú fèrèsé,
bọ́tìnì méjì mi ṣì wà ní ṣíṣí.